Ó Gbọ́ Èdè Húngárì, Kò Gbọ́ Ti Ìyá Àgbà

Lọ́dọọdún, láàrin oṣù keje sí oṣù kẹjọ, àwọn àjèjì láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè máa ń di ẹrù wọn lọ sí ìlú Debrecen, ní apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Húngárì, nítorí ohun kan ṣoṣo: wọ́n fẹ́ gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀. Ọdún 1927 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó ń gbà wọ́n lálejò sílẹ̀, ní yunifásítì ìlú náà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Láàárọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà ní kíláàsì. Lọ́sàn-án, orin ni, ijó ni, fíìmù ni, ìrìn-àjò afẹ́ ni. Nírọ̀lẹ́, ó di dandan kí ó fi ìwọ̀nba tí ó ti kọ́ ra búrẹ́dì, kí ó fi béèrè ọ̀nà, kí ó fi kí ìyá arúgbó tí ó jókòó tì í nínú ọkọ̀. Olùkọ́ kò sí nítòsí láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un.

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, òjò ni ó ń rọ̀ ní Ìjẹ̀gùn, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀ẹ̀rùn àwọn ará Yúróòpù bọ́ sí àárín òjò ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, "sọ́mà" ni àwọn òbí ń pe ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń lọ ní àsìkò ìsinmi gígùn náà. Pátákó ìpolówó rẹ̀ wà lára géètì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni láti Ìjẹ̀gùn títí dé Ìkọ̀tún: ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà, ijó, oúnjẹ sísè, ìlẹ̀kẹ̀ sínsín, nígbà mìíràn èdè Faransé. Ó ṣọ̀wọ́n kí ojú tó rí èdè Yorùbá lára irú pátákó bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọ̀pọ̀ òbí ń bi ara wọn léèrè pé, kí ni ọmọ tí ó ń gbé nílẹ̀ Yorùbá tún fẹ́ fi owó kọ́ nínú èdè Yorùbá? Ìbéèrè yìí tọ́ sí ìdáhùn, ọ̀nà Húngárì ni ìdáhùn náà yóò sì gbà wá.

Orílẹ̀-èdè Húngárì kì í ṣe àjèjì sí ọ̀dọ́ Nàìjíríà mọ́. Láti ọdún 2013 ni ìjọba ibẹ̀ ti dá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Stipendium Hungaricum sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn wà tí òbí wọn ń sanwó fún láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Debrecen àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lérò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan yóò gbé òun dé òpin kò tíì wo ètò ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ Stipendium Hungaricum tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ èdè àti àṣà Húngárì ní ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn pẹ̀lú gbọ́dọ̀ kọ́ èdè náà, nítorí pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Aláìsàn tí yóò bá níbẹ̀ lè jẹ́ àgbẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì lè jẹ́ ìyá àgbà tí wọ́n gbé wá láti abúlé. Irú wọn kò ní fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé àìsàn.

Kí òǹkàwé fojú inú wo ọmọbìnrin kan tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìjẹ̀gùn, tí ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Debrecen. Nígbà tí yóò fi lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ ti là. Ó lè dúró ti ìyá arúgbó kan ní wọ́ọ̀dù, kí ó bi í pé, "Hol fáj?", èyí tí í ṣe, "Níbo ni ó ń dùn yín?" Ó lè fi kún un pé, "Mióta fáj?", èyí tí í ṣe, "Láti ìgbà wo ni ó ti ń dùn yín?" Ìyá náà á dá a lóhùn, òun náà á sì gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin yìí parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sílé, iṣẹ́ sì gbé e dé ilé-ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ìgándò, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ kan náà. Ìyá oníṣòwò kan láti ọjà Ìkọ̀tún jókòó níwájú rẹ̀, ó ní, "Dókítà mi, ẹ̀yìn ń ro mí, ìhà ń gún mi, bí mo bá sì dìde báyìí, òòyì á máa kọ́ mi." Dókítà yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó ń wá ògbufọ̀.

Kò sí àbùkù kankan nínú pé ó gbọ́ èdè Húngárì. Iyì ni. Ohun tí ó yẹ kí ó ká ènìyàn lára ni pé àwọn ará Debrecen rí i dájú pé ẹni tí yóò tọ́jú ìyá wọn gbọ́ èdè ìyá wọn, nígbà tí àwọn òbí ní Èkó kò béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ọmọ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ara ríro kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ìwé atúmọ̀-èdè yanjú. Nínú èdè Yorùbá, orí a máa fọ́ ni, inú a máa run ni, ẹ̀yìn a máa ro ni, egbò a máa ta ni, ìhà a máa gún ni. Ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan ti sọ irú ìrora tí ó jẹ́ kí dókítà tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ọ̀rọ̀ kan náà, dùn, ni ó wà nínú "ẹsẹ̀ ń dùn mí", nínú "inú mi dùn" àti nínú "ọbẹ̀ yìí dùn". Ẹni tí ó fi etí ọmọdé gbọ́ èdè náà kò ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì láéláé. Ẹni tí ó kọ́ ọ nínú ìwé nìkan yóò máa ṣi í mú fún ìgbà pípẹ́.

Bí a bá wá wo èdè Húngárì fúnra rẹ̀ fínnífínní, ìyàlẹ́nu ni yóò jẹ́ fún ọmọ Yorùbá. Èdè náà kò bá ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ tan. Finland àti Estonia ni àwọn ìbátan rẹ̀ wà. Àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kà á mọ́ èdè tí ó le jù ní Yúróòpù. Àmọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó ń dà wọ́n láàmú ni ọmọ Yorùbá ti mọ̀ láti ilé.

Gẹ̀ẹ́sì ní láti mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin kí ó tó lè sọ pé ẹnì kan wọlé. Yorùbá á ní "ó wọlé", ó parí. Àwọn ará Húngárì náà ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ő, fún ọkùnrin àti obìnrin. Ìwé ni könyv. Bí ìwé bá di méjì, két könyv ni; ọ̀rọ̀ náà kò yí padà lẹ́yìn òǹkà, gẹ́gẹ́ bí "ìwé méjì" kò ṣe yí padà. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ó dúró fún ẹ̀gbọ́n, kò sì ní fún àbúrò. Húngárì ní tirẹ̀: báty ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, nővér ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, öcs ni àbúrò ọkùnrin, húg ni àbúrò obìnrin. Ní ti ọ̀wọ̀, ọmọdé ibẹ̀ kì í pe àgbà ní orúkọ gán-an-ran. Bácsi ni ó máa ń fi ti orúkọ àgbàlagbà ọkùnrin, néni sì ni fún àgbàlagbà obìnrin, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìjẹ̀gùn ṣe ń fi "Bàbá" tàbí "Màmá" ṣíwájú. Ó sì ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń bá ẹgbẹ́ ẹni sọ̀rọ̀, ó ní èyí tí a fi ń bá àgbà àti ẹni tí a kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ní ìyàtọ̀ "o" àti "ẹ" kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Nínú kíkọ sílẹ̀, lẹ́tà s wọn ni ṣ ti Yorùbá, sz wọn sì ni s. Àmì orí lẹ́tà wọn kì í ṣe àmì ohùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fò ó yóò ṣìnà: kor ni ọjọ́ orí, kór ni àìsàn, kör sì ni òbìrí. Ẹni tí ó ti mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà ti mọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fò ó. Fáwẹ̀lì wọn pàápàá máa ń dá àǹkóò. Nínú ilé ni házban, nínú ọgbà ni kertben: bí fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ bá ṣe rí ni ìparí rẹ̀ ń wọ aṣọ tí ó bá a mu. Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá náà ní àǹkóò fáwẹ̀lì, nítorí òun ni "ewé" àti "ẹsẹ̀" ṣe wà, tí e àti ẹ kì í fi í jókòó pọ̀ bákan náà nínú irú ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èyí túmọ̀ sí pé ọmọ tí Yorùbá jinlẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kò lọ sí Húngárì lọ́wọ́ òfo. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó kó ròde ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, yóò máa kọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà ì bá ti fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ló wá dé tí orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́wàá fi ń náwó kí àlejò lè gbọ́ èdè rẹ̀? Ìtàn ni ó kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, èdè Látìn ni wọ́n fi ń ṣòfin nílẹ̀ wọn, èdè tí kò sí ìyá kankan níbẹ̀ tí ó fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ní ọdún 1784, Ọba Joseph Kejì pàṣẹ pé èdè Jámánì ni kí wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ ìjọba. Àṣẹ yẹn bí wọn nínú, ó sì ta wọ́n jí. Àwọn òǹkọ̀wé bíi Kazinczy Ferenc bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun kí èdè wọn lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, òfin àti lítíréṣọ̀. Ní ọdún 1825, Széchenyi István, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ náà, dìde níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó fi gbogbo owó tí ó ń wọlé fún un lọ́dún kan sílẹ̀ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ sílẹ̀ fún èdè Húngárì. Ohun tí ó yẹ kí àwọn òbí Èkó fiyè sí ni pé Széchenyi kan náà, èdè Jámánì ni ó fi kọ ọ̀pọ̀ jù nínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀. Kò dúró dìgbà tí èdè ìlú rẹ̀ bá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu kí ó tó ná owó lé e lórí. Nígbà tí ó di ọdún 1844, òfin sọ èdè Húngárì di èdè ìjọba.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àwọn Yorùbá pẹ́ lẹ́yìn. Oṣù kìíní ọdún 1844 yẹn gan-an ni Àjàyí Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú. Ní ọdún 1859, Ìwé Ìròyìn ti ń jáde ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú iṣẹ́ kankan, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ kò wọ́n wọn. Ohun tí ó sọnù ni ìfọkànsí.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú òfin àti ìlànà tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ní ọdún 2018, Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé buwọ́ lu òfin tí ó sọ èdè Yorùbá di dandan ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Àlàúsá, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òbí tí ó bá ń dúró de Àbújá kí ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá yóò dúró pẹ́.

Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ padà sórí ìbéèrè àwọn òbí Ìjẹ̀gùn. Ṣé ọmọ tí ó ń gbé nílẹ̀ Yorùbá kò ti wà nínú omi èdè náà? Ó wà létí omi, ara rẹ̀ gbẹ. Ilẹ̀ Àwórì ni Ìjẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ìlú tí ó ti gba àlejò púpọ̀ ni: Ìgbò wà níbẹ̀, Ègùn wà níbẹ̀, Haúsá wà níbẹ̀, àwọn ará Ẹ̀dó àti ti Àkwá Ìbọm wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti pìjìn ni wọ́n fi ń pàdé ara wọn. Ọmọ jí nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó dé ilé-ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọjọ́ Ìsinmi, ní kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, Gẹ̀ẹ́sì ni. Yorùbá tí ó ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni ti inú kórópe: "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ", "ó wà o!" Ìyẹn dára fún ẹni tí ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀; kò tó láti kí ọlọ́fọ̀, kò tó láti bẹ àgbà, kò sì tó láti bi ìyá aláìsàn ní ìbéèrè. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi pọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, tí ó sì jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn.

Àwọn ará Debrecen mọ̀ pé aṣọ kì í gba aró nípa pé a gbé e lọ sí àgbàlá aláró. A gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́, kí a yọ ọ́, kí a tún rẹ ẹ́. Àwọn elédè mìíràn náà mọ èyí, kódà nílẹ̀ Nàìjíríà. Ní Àjàrá, ní Àgbádárìgì, ní ìpínlẹ̀ Èkó kan náà, abúlé èdè Faransé wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó ń kọ́ Faransé ti ń lọ gbé kí èdè náà lè wọ̀ wọ́n lára, nígbà tí owó àtilọ sí ilẹ̀ òkèèrè ti kọjá agbára. Ìjọba Amẹ́ríkà pẹ̀lú ti sanwó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti wá lo ìsinmi gígùn wọn ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Ìbàdàn, kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ìdílé Yorùbá, kí wọ́n máa kọ́ èdè Yorùbá. Àwọn ọmọ òyìnbó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá kọ́ ohun tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ọmọ Ìjẹ̀gùn, òun sì wà ní sọ́mà, ó ń kọ́ Faransé.

Ohun tí ó ṣe é ṣe kò tilẹ̀ wọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìjẹ̀gùn lè ya ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú ìsinmi gígùn, láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí aago kan ọ̀sán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n bá ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí ó wà: ẹni tí kò gbọ́ rárá, ẹni tí ó gbọ́ tí kò lè sọ, ẹni tí ó lè sọ tí kò lè kà á kí ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Kí wọ́n pín wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè jẹ́ ti ìkíni àti ti inú ilé: bí a ṣe ń kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó ń jẹun, ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, orúkọ ẹ̀yà ara àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń dun ni. Ọ̀sẹ̀ kejì lè jẹ́ ti ọjà. Kí olùkọ́ kó wọn lọ sí ọjà Ìkọ̀tún pẹ̀lú owó díẹ̀ lọ́wọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ra tàtàṣé, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà kóńgò kan, kí ó ná an, kí ó sì ní kí wọ́n fi ẹ̀ní sí i. Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ wọ inú ìnájà náà. Kí wọ́n padà, kí wọ́n sè é, kí wọ́n jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta lè jẹ́ ti àgbà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó ti bàbá tàbí ìyá àgbà kan, kí ó bi í ní oríkì ìdílé rẹ̀ àti bí ó ṣe di ará Ìjẹ̀gùn, kí ó sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní Yorùbá.

Àwọn olùkọ́ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí nínú èdè Yorùbá, tí wọ́n ń wá iṣẹ́, kò ṣọ̀wọ́n ní Alímọ̀ṣọ́. Àwọn àgbà tí ó ń dá jókòó nílé láti àárọ̀ di alẹ́ kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ọjà wà nítòsí. Pátákó tí wọn yóò kọ ọ́ sí ti wà lára géètì tẹ́lẹ̀.

Ìkìlọ̀ méjì ni ó yẹ kí ó bá ètò bẹ́ẹ̀ rìn. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má nà ọmọ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí òde òní ni wọ́n nà ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé wọ́n sọ Yorùbá, ìtìjú yẹn sì ni ó pa ẹnu wọn dé lọ́dọ̀ ọmọ tiwọn. Pàṣán kan náà kò lè tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Èkejì, kí wọ́n má ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ Ìgbò, ọmọ Ègùn tàbí ọmọ Haúsá tí ó ń gbé ládùúgbò. Àlejò ni ilé-ẹ̀kọ́ Debrecen ń kọ́. Èdè tí àlejò ń fi tayọ̀tayọ̀ kọ́ ni ọmọ onílé kì í tijú rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní èdè Yorùbá kò lè wá iṣẹ́ fún ọmọ. Ó yẹ kí wọ́n rántí dókítà tí ń wá ògbufọ̀ ní Ìgándò. Agbẹjọ́rò nílò olùpẹ̀jọ́ tí yóò bá sọ̀rọ̀, akọ̀ròyìn nílò ẹni tí yóò fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, oníṣòwò nílò oníbàárà. Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kéré jù. Òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè sọ ẹnikẹ́ni di elédè, ì báà jẹ́ ní Debrecen. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó là á lẹ́nu, kí ojú àtisọ̀rọ̀ sì kúrò lára rẹ̀. Ilé ni yóò ti parí èyí tí ó kù, bí òbí bá lè fi oúnjẹ alẹ́ nìkan sílẹ̀ fún Yorùbá lójoojúmọ́.

Ìsinmi gígùn tí ó ń bọ̀ kò ní pẹ́ dé. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yóò tún gbé pátákó sọ́mà jáde, àwọn òbí yóò sì lọ béèrè iye owó. Kí òbí tí ó bá ń sanwó náà béèrè ìbéèrè kan sí i lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́: "Wákàtí mélòó ni ọmọ mi yóò fi sọ Yorùbá lójúmọ́?" Bí òbí mẹ́wàá bá béèrè rẹ̀ lẹ́nu géètì kan náà, àyè yóò ṣí fún un lára pátákó.